Wíwá Iye Tí Ó Fara Sin: Ìṣirò fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Bí ẹnìkan bá ra ọkọ́ kan ní ọjà, tí irin rẹ̀ àti èrúkọ́ rẹ̀ jùmọ̀ jẹ́ ₦5,500, tí alágbẹ̀dẹ sì wí pé owó irin náà fi ₦5,000 ju owó èrúkọ́ lọ, èló ni owó èrúkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá bi ní ìbéèrè yìí ni yóò dáhùn kíákíá pé ₦500 ni. Èsì náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Bí èrúkọ́ bá jẹ́ ₦500, irin tí ó fi ₦5,000 jù ú lọ yóò jẹ́ ₦5,500, àpapọ̀ wọn yóò sì di ₦6,000. Owó èrúkọ́ gan-an ni ₦250, ti irin sì jẹ́ ₦5,250. Ẹni tí ó dáhùn ₦500 kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó mú iye méjì tí ó gbọ́, ó sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, kí ó tó ro ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí.

Ní ti owó ọkọ́, àṣìṣe ₦250 kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe kan náà ni ó ń mú kí àgbẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé gbèsè tí kò yé e, tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárin ọmọ ìyá nígbà tí wọ́n bá ń pín owó oko bàbá wọn, tí ó sì lè mú kí abiyamọ po oògùn ọmọ rẹ̀ ní ìpò tí kò yẹ. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹra fún un, áljẹ́brà sì ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ yìí a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, wọn a sì máa rò pé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lè lo ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú ilé àti ní oko.

OHUN TÍ Ọ̀NÀ NÁÀ JẸ́

Nínú gbogbo ìṣirò tí ó wá gẹ́gẹ́ bí ìtàn, iye kan wà tí ó fara sin, àwọn iye mìíràn sì wà tí a ti mọ̀. Ẹni tí kò mọ áljẹ́brà a máa bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn tí a mọ̀. A máa rò wọ́n pọ̀, a máa yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, títí yóò fi rí ohun kan tí ó jọ èsì. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a máa bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tí ó fara sin. Yóò fún un ní orúkọ, yóò sì máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni gbogbo àṣírí náà.

Lẹ́tà x ni a sábà máa ń fi ṣe orúkọ yìí. René Descartes, ọ̀mọ̀wé ará Fáránsé, ni ó mú kí àṣà náà fìdí múlẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1637. Lẹ́tà náà bá Yorùbá mu púpọ̀, nítorí pé kò sí i nínú a b d Yorùbá. Àlejò ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú èdè tí ó lè bá a jà sí àyè.

Kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ́. Owó èrúkọ́ ni ó fara sin. Nítorí náà x ni owó èrúkọ́. Irin fi ₦5,000 jù ú lọ. Nítorí náà x + 5,000 ni owó irin. Méjèèjì jùmọ̀ jẹ́ ₦5,500. A ó sì kọ ọ́ báyìí:

x + x + 5,000 = 5,500

x méjì ni ó wà níbẹ̀, a sì máa ń kọ wọ́n ní 2x:

2x + 5,000 = 5,500

Bí a bá mú 5,000 kúrò ní apá òsì, tí a sì mú 5,000 kúrò ní apá ọ̀tún, ó ku:

2x = 500

Bí x méjì bá jẹ́ 500, x kan jẹ́ 250. Kò sí ìméfò níbẹ̀.

Àmì tí ó wà láàárin, èyí tí ó jẹ́ ìlà méjì tí ó dọ́gba (=), ni Robert Recorde, oníṣègùn ará Wales kan, kọ́kọ́ lò nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1557. Ó yan ìlà méjì tí ó gùn bákan náà nítorí pé, lójú rẹ̀, kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Kí òǹkàwé wo àmì náà bí ẹni ń wo òṣùwọ̀n olójú méjì ní ọjà. Bí a bá mú ẹrù kúrò ní ojú kan láìmú iye kan náà kúrò ní ojú kejì, òṣùwọ̀n náà yóò wọ́. Ìwé Òwe, orí 11 ẹsẹ 1, ti kọ́ onígbàgbọ́ bí òṣùwọ̀n èké ti rí lójú Ọlọ́run. Òfin kan ṣoṣo tí áljẹ́brà ní náà nìyí: ohun tí a bá ṣe sí apá kan, dandan ni kí a ṣe é sí apá kejì.

IBI TÍ ÌMỌ̀ YÌÍ TI WÁ

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ní ilẹ̀ Égíptì, ní nǹkan bí ọdún 1550 kí a tó bí Olúwa wa, akọ̀wé kan tí à ń pè ní Ahmes da ìwé ìṣirò kan tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ kọ sórí pápírúsì. Ìwé náà wà ní British Museum ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ rí báyìí: iye kan wà, bí a bá fi ìdá kan nínú méje rẹ̀ kún un, ó di 19, kí ni iye náà? Orúkọ tí àwọn ará Égíptì fi pe iye tí ó fara sin ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan túmọ̀ sí òkìtì. Ahmes kọ́kọ́ dán 7 wò, ó sì rí i pé 7 àti ìdá kan nínú méje rẹ̀ jẹ́ 8. Lẹ́yìn náà ni ó wá iye ìgbà tí 8 wà nínú 19, ó sì fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀. Èsì rẹ̀ ni 16 àti ìdá 5 nínú 8. Ẹni tí ó bá lo x lónìí yóò dé ibi kan náà.

Ní nǹkan bí ọdún 820 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ní ìlú Bàgídádì, Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé tí ó sọ ìmọ̀ yìí di ètò. Ó wí pé òun kọ ọ́ nítorí ohun tí àwọn ènìyàn nílò nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún, tí wọ́n bá ń ṣòwò, tí wọ́n bá ń ṣẹjọ́, tí wọ́n sì ń wọn ilẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ al-jabr tí ó wà nínú àkọlé ìwé náà ni orúkọ áljẹ́brà ti jáde. Ìtumọ̀ al-jabr ni ìdápadà sí ipò, àwọn Lárúbáwá a sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà fún títo egungun tí ó ṣẹ́. Bí a bá sọ pé x − 5 = 20, x ti ṣẹ́, ó ti pàdánù 5; a ó dá 5 náà padà fún un, a ó sì fi 5 kún apá kejì pẹ̀lú, x yóò sì di 25.

Ètò ìkà Yorùbá fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Nígbà tí ọmọdé bá wí pé mẹ́rìndínlógún, ohun tí ó ń wí ni pé iye kan wà tí ó jẹ́ pé, bí a bá fi 4 kún un, yóò di 20. Bí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú x, x + 4 = 20 ni. Márùndínláàádọ́ta jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 5 ni a mú kúrò nínú 50, 50 náà sì jẹ́ 60 tí a mú 10 kúrò nínú rẹ̀, 60 sì jẹ́ 20 lọ́nà mẹ́ta. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tẹ àlàyé lórí ètò yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ná, 40 ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àwọn ìyálọ́jà tí kò mọ̀wé a máa ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lórí. Ohun tí áljẹ́brà fi kún un ni pé ó gbé ìrò náà sórí ìwé, níbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

OWÓ ÈLÉ

Kí a wá wo ibi tí ìmọ̀ yìí ti lè gba àgbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn iye tí ó wà nínú ìtàn yìí jẹ́ àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún.

Àgbẹ̀ kòkó kan nílò ₦90,000 ní àkókò òjò, láti fi san owó àwọn alágbàṣe àti láti ra oògùn tí a ń fín kí èso kòkó má baà dúdú kí ó sì rà. Oníṣòwò kan wí pé òun yóò yá a ní owó náà, àti pé lẹ́yìn oṣù 4, nígbà tí kòkó bá ti gbẹ, kí ó san ₦120,000. Oníṣòwò náà kò dárúkọ èlé rárá. Ṣùgbọ́n èlé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fara sin ni. Kí x jẹ́ èlé oṣù kan. Ojú owó pẹ̀lú èlé oṣù 4 jẹ́ iye tí yóò san:

90,000 + 4x = 120,000

4x = 30,000

x = 7,500

₦7,500 ni èlé oṣù kan. Bí gbèsè náà bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù 12, èlé nìkan yóò jẹ́ ₦90,000, èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ojú owó. Owó sogún-dogójì ni a ti ń pe irú owó bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kò sì ṣe àbùmọ́: láàárin ọdún kan, ogún yóò di ogójì ní tòótọ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní abúlé kan náà. Wọ́n ṣetán láti yá àgbẹ̀ náà ní ₦90,000, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ san ₦9,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìwé, yóò sì san èlé ₦3,000 ní oṣooṣù. Nígbà tí àgbẹ̀ náà gbọ́ ₦9,000, ọkàn rẹ̀ fà sẹ́yìn, nítorí pé oníṣòwò kò bèèrè kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni èyí: lẹ́yìn oṣù mélòó ni owó tí a ná lórí gbèsè méjèèjì yóò dọ́gba? Kí x jẹ́ iye oṣù náà. Ti ẹgbẹ́ jẹ́ 9,000 + 3,000x. Ti oníṣòwò jẹ́ 7,500x. Níbi tí wọ́n ti dọ́gba:

9,000 + 3,000x = 7,500x

Bí a bá mú 3,000x kúrò ní apá méjèèjì:

9,000 = 4,500x

x = 2

Ní oṣù kejì ni wọ́n dọ́gba. Ẹni tí yóò dá owó padà kí oṣù méjì tó pé, ti oníṣòwò ni ó sàn fún un. Ẹni tí yóò dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹgbẹ́ ni ó sàn. Oṣù 4 ni àgbẹ̀ yìí yóò dúró: yóò san ₦30,000 fún oníṣòwò, tàbí ₦21,000 fún ẹgbẹ́. ₦9,000 ni ó wà láàárin, ó sì tó gba ènìyàn là lọ́wọ́ àìsí owó ilé-ìwé ọmọ.

Àwọn baba ńlá mọ ohun tí gbèsè tí kò lópin jẹ́. Láyé ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó dúró fún èlé. Ojú owó kò fi kọ́bọ̀ kan dín nípa iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san èlé nìkan ní oṣooṣù, tí kò san nǹkan kan lára ojú owó, wà ní ojú kan náà. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 14, Olúwa Jésù sọ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ìgbà ìjókòó yẹn ni x wúlò.

PÍPÍN OWÓ LÁÌSÍ ÌJÀ

Ọmọ ìyá mẹ́ta ta kòkó oko bàbá wọn ní ₦420,000. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí àkọ́bí, tí ó ṣe iṣẹ́ jù, gba ìlọ́po méjì ti àbíkẹ́yìn, kí ẹni àárín sì gbà ju àbíkẹ́yìn lọ pẹ̀lú ₦20,000. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ pín owó náà sí mẹ́ta, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn níbẹ̀. Kí x jẹ́ owó àbíkẹ́yìn. Ti àkọ́bí jẹ́ 2x, ti ẹni àárín sì jẹ́ x + 20,000.

x + 2x + x + 20,000 = 420,000

4x = 400,000

x = 100,000

Àbíkẹ́yìn gba ₦100,000, ẹni àárín gba ₦120,000, àkọ́bí gba ₦200,000. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, ₦420,000 pé géérégé. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè ka àwọn ìlà wọ̀nyí fúnra rẹ̀, kò sì sí ìdí láti fura sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

OMI ONÍṢÚGÀ ÀTI IYỌ̀ FÚN ÌGBẸ́ GBUURU

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọdé, omi ara rẹ̀ tí ó ń gbẹ ni ó lè pa á. Oògùn elébu ORS tí wọ́n ń fún ni ní ilé ìwòsàn ni ó dára jù. Níbi tí kò bá sí, a lè po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, sínú omi mímọ́ lítà 1. A kò gbọdọ̀ fi ojú wọn iyọ̀, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù a máa pa ọmọ lára.

Bí ṣúgà tí ó kù nínú ilé bá jẹ́ ṣíbí 3, lítà omi mélòó ni ó yẹ? Kí x jẹ́ iye lítà náà. Lítà kọ̀ọ̀kan gba ṣíbí 6; nítorí náà 6x = 3, x sì jẹ́ ìdajì lítà. Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ dín bákan náà: ìdajì lítà yóò gba ìdajì ti ìdajì ṣíbí, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Ìyá tí ó dín omi àti ṣúgà kù, ṣùgbọ́n tí ó fi iyọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ṣíbí, ti sọ iyọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Bí ọmọ náà bá ń rẹ̀ sí i, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

ÌLÀNÀ MẸ́FÀ

Èkínní. Ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì wá ohun tí a ń béèrè gan-an.

Èkejì. Fún un ní orúkọ x, kí o sì kọ ohun tí x jẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Má ṣe kọ pé “x ni èrúkọ́”, kọ pé “x ni owó èrúkọ́ ní náírà.”

Ẹ̀kẹta. Fi x sọ ìyókù ìtàn náà.

Ẹ̀kẹrin. Wá ohun méjì tí ó dọ́gba nínú ìtàn náà, kí o sì fi àmì = sáàárin wọn.

Ẹ̀karùn-ún. Ṣe ohun kan náà sí apá méjèèjì, títí x yóò fi dá dúró.

Ẹ̀kẹfà. Mú èsì rẹ padà sínú ìtàn náà, kí o sì wò ó bí ó bá gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìlànà yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fo, òun ni kì bá sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn ₦500 fún owó èrúkọ́. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé e kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un bí ó ti gbà á tàbí kò gbà á. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

1. Ọjọ́ orí bàbá kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ rẹ̀. Ní ogún ọdún sí i, yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ náà. Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà lónìí?

2. Ewúrẹ́ àti adìẹ wà nínú ọgbà kan. Orí wọn jẹ́ 30, ẹsẹ̀ wọn sì jẹ́ 84. Ewúrẹ́ mélòó ni ó wà níbẹ̀?

3. Ní ìgbà ìkórè, àgbẹ̀ kan tọ́jú ìdajì iṣu rẹ̀ sínú àká, ó ta ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì mú 20 tí ó kù lọ sí ilé Ọlọ́run. Iṣu mélòó ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀?

Èsì. 1: ọmọ ọdún 10 ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni 40 ọdún. 2: ewúrẹ́ 12 àti adìẹ 18. Ẹni tí ó bá fi x pe iye ewúrẹ́ yóò fi 30 − x pe iye adìẹ. 3: iṣu 120, ó tọ́jú 60, ó ta 40, ó mú 20 lọ.